Bí Ètò Wa Bá Wó, Ṣé Ọlọ́run Ti Kọ̀ Wá?

Ẹ̀yin ará ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi, bí iṣẹ́ tí a fi òtítọ́ inú bẹ̀rẹ̀ fún Ọlọ́run bá dàrú, ṣé ó túmọ̀ sí pé Ọlọ́run kò fẹ́ ẹ ni?

Ní ọdún 1856, Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì S.M.A. sílẹ̀ ní Lyon. Ìjọba Dahomey, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Róòmù rán an lọ sí Sierra Leone. Ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní oṣù Karùn-ún ọdún 1859. Kò tó oṣù méjì tí ibà pọ́njú fi pa òun àti púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lójú ènìyàn, iṣẹ́ parí.

Ṣùgbọ́n Fádà Augustin Planque, tí ó wà ní Lyon, kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà tú ká. Ní ọdún 1861, Fádà Borghero dé Ouidah, ní etí òkun kan náà tí Avépozo wa yìí wà.

Ẹ má ṣe sọ pé Ọlọ́run ni ó rán ibà náà kí iṣẹ́ rẹ̀ lè yọrí. Baba kì í pa ọmọ kí ilé lè dúró. Ẹ má sì ṣe sọ pé ó kẹ̀yìn sí wọn. Ètò jẹ́ tiwa, ó lè wó. Ète jẹ́ tirẹ̀, ó sì lè gba ọwọ́ ẹlòmíràn ṣẹ.

Nítorí náà, nígbà tí ètò yín bá yẹ̀, ẹ sunkún bí ó bá tọ́, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì béèrè pé: iṣẹ́ ìfẹ́ wo ni ó ṣì kù fún mi lónìí?