Ẹlẹ́rìí Ohun tí Ojú Kò Rí: Géèjì Ẹ́ńjìnnì àti Ìmọ̀ Tó Yẹ ní Mímọ̀

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fara sin fún ojú, nítorí inú irin tí a dì pa ni iná ti ń jó, tí ọ́ìlì ti ń gba ihò tóóró kọjá, tí irin sì ti ń yí lórí irin, débi pé ohun tí awakọ̀ mọ̀ nípa wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ. Ẹlẹ́rìí tó ń sọ ọ́ fún un ni géèjì, ìyẹn ohun èlò olójú róbótó tó ń fi abẹ́rẹ́ tàbí nọ́ńbà sọ bí nǹkan ṣe gbóná tó, tàbí bí ipá tó ń tì í ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ní ọkọ̀ asáré, pàápàá èyí tí wọ́n ti fi kún agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá lọ, sábà máa ń ra géèjì àfikún lọ́jà kí ó lè so wọ́n mọ́ àwọn tó bá ọkọ̀ náà wá. Èwo nínú wọn ló yẹ kí ó rà? Ìbéèrè náà jọ ti ọjà lásán, ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa ìmọ̀ ló wà nídìí rẹ̀: irú ìmọ̀ wo ló ń ṣe ènìyàn láǹfààní, ìgbà wo sì ni ohun tí a gbọ́ tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé a mọ̀?

Nínú ìwé Knowledge, Belief and Witchcraft tí Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo tẹ̀ jáde ní 1986, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá fọ̀rọ̀ wérọ̀, wọ́n ṣàlàyé pé ìlànà tí àwọn àgbà wọ̀nyí fi ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ le púpọ̀. Ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni wọ́n kà sí ìmọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ti olùkọ́ tàbí ti ìwé, wọ́n kà á sí ìgbàgbọ́ títí a ó fi dán an wò. Bí a bá fi ìlànà yìí wọn géèjì, a ó rí i pé ìgbàgbọ́ ni ohun tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fún awakọ̀, nítorí abẹ́rẹ́ nìkan ni ojú rí, kò rí ọ́ìlì. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a bi géèjì kan ni bóyá ó tilẹ̀ lè sọ òótọ́, kí a tó béèrè bí ó ṣe lẹ́wà tó tàbí iye tí wọ́n ń tà á.

Ọkọ̀ Mazda MX-5, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1989, fi ìdí ìbéèrè yìí hàn kedere. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, géèjì ipá ọ́ìlì ní sẹ́ńsọ̀ gidi, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tí a dè mọ́ ẹ́ńjìnnì láti máa wọn ohun tó ń lọ níbẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ipá náà ṣe ń rí. Láti nǹkan bí ọdún 1995, wọ́n fi ohun tó dà bí súwíìsì iná rọ́pò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ipá ọ́ìlì bá ti ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ á lọ dúró sí nǹkan bí àárín, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ọkọ̀ asáré ń lò ni pé kí ipá ọ́ìlì tó nǹkan bí 10 psi, ìyẹn pọ́n-ùn 10 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan, fún ìyípo 1000 tí ẹ́ńjìnnì bá yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ní ìgbà 6000 lè ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú ipá tó nílò, kí abẹ́rẹ́ sì ṣì dúró sí àárín, kí ọkàn awakọ̀ sì balẹ̀. A lè gbà pé ìtùnú yìí ní ìdí tirẹ̀, nítorí ipá ọ́ìlì máa ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí ọkọ̀ sì dúró sójú kan, èyí tí kì í ṣe àìsàn, àmọ́ tó lè dẹ́rù ba ẹni tí kò mọ̀. Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí tí kò lè sọ ìròyìn burúkú, ìròyìn rere rẹ̀ kò ní ìwúlò kankan.

Géèjì tó jẹ́ olóòótọ́ pàápàá kò lè jẹ́rìí kọjá ibi tó dúró sí. Nínú omi ni sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì máa ń wà, bí omi náà bá sì jò tán, inú òfìfo ni sẹ́ńsọ̀ yóò wà, géèjì sì lè máa sọ pé ìgbóná ń lọ sílẹ̀ ní àkókò gan-an tí irin ń jóná. Irọ́ kọ́ ni géèjì pa níhìn-ín. Ohun tí a kò bi í ni a fẹ́ kí ó dáhùn. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ní òye fi máa ń fẹ́ mọ ibi tí wọ́n so sẹ́ńsọ̀ mọ́, tí yóò sì wá ẹlẹ́rìí kejì tó dúró sí ibòmíràn, irú bíi géèjì ìgbóná ọ́ìlì, kí ọ̀rọ̀ ọ̀kan lè yẹ tèkejì wò.

Òtítọ́ nìkan kò sì tó. Epictetus, ẹni tó ti ṣe ẹrú ní Róòmù kí ó tó di olùkọ́ ọgbọ́n orí, kọ́ni pé ìpìlẹ̀ ìgbé ayé rere ni kí ènìyàn ya ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìlànà yìí wúlò gan-an fún yíyan géèjì: èyí tó yẹ ní ríra ni èyí tí ìròyìn rẹ̀ yóò dé nígbà tí awakọ̀ ṣì lè ṣe nǹkan kan sí i. Géèjì ipá ọ́ìlì ló gba ipò kìíní. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń ya ọ̀pá kíráǹkì tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì kúrò lára béárìn tó gbé e dúró, bí ipá ọ́ìlì bá sì já, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti ba méjèèjì jẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń fi eré líle gba kọ́nà, ọ́ìlì lè ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àwo rẹ̀, kí pọ́ǹpù sì fa afẹ́fẹ́ dípò ọ́ìlì; awakọ̀ tó bá rí i yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, yóò pa ẹ́ńjìnnì bí ó bá pọn dandan, yóò sì gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ là.

Fún ọkọ̀ tí wọ́n fi tọ́bò sí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára èéfín ẹ́ńjìnnì ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú rẹ̀, géèjì tó ń wọn afẹ́fẹ́ mọ́ pẹtiróòlù láti inú páìpù sálẹ́ńsà ló tẹ̀ lé e. Nǹkan bí gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 ló ń jó tán pẹ̀lú gíráàmù pẹtiróòlù kan, ṣùgbọ́n nígbà tí tọ́bò bá ń tì kíkankíkan, àwọn tó ń ṣètò ẹ́ńjìnnì máa ń fi pẹtiróòlù kún un títí ìwọ̀n náà yóò fi wá sí nǹkan bí 11.5 tàbí 12, kí inú ẹ́ńjìnnì má bàa gbóná jù. Bí pẹtiróòlù kò bá tó mọ́, àdàlú náà lè bú gbàmù ní àìtọ́jọ́, kí ó sì yọ́ písítínì. Géèjì agbára tọ́bò yóò sọ bóyá afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju iye tí wọ́n ṣètò fún. Géèjì ìgbóná ọ́ìlì ń kọ́ awakọ̀ ní sùúrù, nítorí omi máa ń yá gbóná ju ọ́ìlì lọ, kò sì yẹ kí a fi ipá sáré kí ọ́ìlì tó tó nǹkan bí 80°C. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, èrè ń dín kù. Ọkọ̀ tó ń sáré ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú tó bá sì ń ka géèjì mẹ́jọ kò sí lójú títì. Géèjì díẹ̀ tó ní iná ìkìlọ̀, tó ń pe awakọ̀ nígbà tí ewu bá dé, sàn ju ọ̀pọ̀ tó ń dúró kí a wá wò wọ́n.

Àwọn kan lè sọ pé irú ìmọ̀ yìí ń kó àníyàn báni, pé ẹni tí kò mọ̀ ló ń gbádùn ọkọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn sí èyí ni pé àìmọ ibi tí abẹ́rẹ́ máa ń wà nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì bá le ló ń bí àníyàn. Ẹni tó bá ń fi sùúrù wo géèjì rẹ̀ lójoojúmọ́, tó mọ iye tó ń sọ ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán gangan àti lẹ́yìn eré líle, ti fi ojú ara rẹ̀ dán ẹlẹ́rìí náà wò, ohun tó jẹ́ ìgbàgbọ́ sì ti ń súnmọ́ ìmọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, kò lè sọ mọ́ pé òun kò mọ̀, ó sì di dandan kí ó ṣe ohun tí ìmọ̀ náà béèrè. Bí ó ti rí nínú Ifá náà nìyẹn, níbi tí dídá Ifá kì í ti í parí iṣẹ́ tí a kò bá tíì rú ẹbọ tí ó yàn.

Nítorí náà, bí owó bá ká géèjì kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ ti ipá ọ́ìlì, tó ní sẹ́ńsọ̀ gidi àti iná ìkìlọ̀. Bí ó bá ká púpọ̀ sí i, kí awakọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: nígbà tí abẹ́rẹ́ yìí bá sọ ohun tí n kò fẹ́ gbọ́, kí ni n ó ṣe? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn fún, kí ó fi í sílẹ̀ lọ́jà, nítorí ìmọ̀ tó yẹ ní mímọ̀ ni èyí tí ènìyàn ti múra tán láti tẹ̀ lé.