Ṣé Amí Ni, Àbí Ẹlẹ́rìí?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, inú tẹlifísọ̀n ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé wa ni ó já sí.

Eré kan wà tí BBC ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe, Spooks ni wọ́n pè é, ó dá lórí iṣẹ́ àwọn amí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2003, wọ́n gbé abala rẹ̀ kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nest of Angels. Nínú abala náà, àlùfáà kan ní mọ́sálásí kan ní ìlú Birmingham ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ, ó sì ń sọ wọ́n di ẹni tí yóò fi bọ́ǹbù pa ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn. Mùsùlùmí kan tí ó wá láti ilẹ̀ Àlùjẹ́ríà ni ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti wọ àárín wọn. Ó ń kírun pẹ̀lú wọn, ó sì ń ròyìn fún àwọn amí. Nígbà tí ọmọ kan gbé bọ́ǹbù jáde, ọkùnrin yìí kan náà ni ó sún mọ́ ọn láti dá a dúró. Bọ́ǹbù bú, àwọn méjèèjì kú.

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí BBC lórí abala kan ṣoṣo yìí. Àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ní wọ́n ti fi mọ́sálásí hàn bí ibùba apànìyàn, àti pé ẹni tí kò wọ mọ́sálásí rí yóò gbà pé bí gbogbo wọn ti rí nìyẹn. Ìdáhùn àwọn tí ó ṣe eré náà ni pé Mùsùlùmí ni ẹni rere inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwa tí a wò ó láàárín ara wa níbí, ohùn wa kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní ìbanilórúkọjẹ́ pátápátá ni. Àwọn kan ní ọkùnrin Àlùjẹ́ríà yẹn ṣe akin. Ṣùgbọ́n ìyá kan láàárín wa bi wá ní ìbéèrè tí gbogbo wa fi dákẹ́. Ó ní: “Ẹni tí ó ń bá ènìyàn kírun láàárọ̀, tí ó ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ fún ìjọba lálẹ́, kí ni a ó pe irú rẹ̀ níwájú Ọlọ́hun?”

Bí a bá fẹ́ fi ìkánjú dáhùn, a ó ní olófòófó ni, nítorí àwọn baba wa kò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ààyè. Wọ́n ní olófòófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ni ó mọ. Ẹ̀sìn wa sì le lórí rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Súrátù Hùjùráàtì, orí 49, àáyà 12, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa ro èrò burúkú sí ara wa, Ó kọ̀ fún wa láti máa tọ pinpin ara wa, Ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wé jíjẹ ẹran ara ọmọ ìyá ẹni tí ó ti kú. Àwọn àlùfáà wa a sì máa sọ ìtàn Sáyídínà Úmárù tí ó gbọ́ ariwo ẹ̀ṣẹ̀ nínú ilé kan lóru, tí ó gun ògiri wọlé. Onílé ní òótọ́ ni òun dá ẹ̀ṣẹ̀ kan, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni Úmárù dá: ó tọ pinpin, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì sálámà. Olórí àwọn onígbàgbọ́ ni Úmárù, síbẹ̀ ó gba ẹ̀bi rẹ̀, ó sì yí padà.

Ṣé kí a kúkú máa wò, kí a má sọ? Rárá. Àwa tí a ń gbé Àbújá kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará wa tí ń gbé Nyanya, Karu àti Mararaba mọ ibùdókọ̀ tí bọ́ǹbù ti bú ní àárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014. Àwọn ènìyàn ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni. Àwọn tí ó kú ju 70 lọ, Mùsùlùmí wà nínú wọn, Kìrìsìtẹ́nì wà nínú wọn. Bí ẹnì kan bá ti mọ̀ ṣáájú, tí ó dákẹ́ nítorí kí a má pè é ní olófòófó, ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò ha wà lọ́rùn rẹ̀ bí?

Ìlú Àbújá yìí kan náà ni bàbá kan ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Alhaji Umaru Mutallab, gbajúmọ̀ òṣìṣẹ́ báńkì tí ó ti fìgbà kan jẹ́ mínísítà, rí i pé ọmọ òun, Umar Farouk, tí ó wà ní ilẹ̀ Yẹ́mẹ́nì, ti já okùn ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ilé. Ó sọ fún àwọn aláàbò orílẹ̀-èdè wa. Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2009, ó lọ sí ilé aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà níbí, ó ní ẹ̀rù ọmọ náà ń ba òun. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, ọmọ yìí gbìyànjú láti fi bọ́ǹbù tí ó fi pamọ́ sínú ṣòkòtò abẹ́ já bàálù tí ó ń lọ sí Detroit lulẹ̀. Nǹkan bí 290 ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀. Ọlọ́hun kò jẹ́ kí bọ́ǹbù náà bú dáadáa. Ní ọdún 2012 ni wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ṣé olófòófó ni bàbá yìí? Kò sí ẹni tí ó bímọ tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bàbá náà kò gun ògiri ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ni ó wá bá a nínú ilé rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni, kì í ṣe amí.

Lójú tiwa, ohun mẹ́ta ni ó ya ẹlẹ́rìí sọ́tọ̀ lára olófòófó. Èkíní ni ohun tí ó mú un wò: ṣé ewu ni ó fojú hàn, àbí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ń wá kiri? Èkejì ni ibi tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ: ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè dá ewu náà dúró ni, àbí ẹnu ọ̀nà gbogbo? Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó ń fẹ́: ṣé kí ẹni náà là, àbí kí ó ṣègbé?

Ìjọba pàápàá kò gbọdọ̀ yọ ara wọn kúrò nínú òṣùwọ̀n yìí. Ní Birmingham, ìlú tí wọ́n fi ṣe eré náà, àwọn ọlọ́pàá gbé kámẹ́rà 218 sí àdúgbò tí Mùsùlùmí pọ̀ sí ní ọdún 2010, wọ́n sì fi àwọn kan nínú wọn pamọ́. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò mọ̀, ariwo ta, olórí ọlọ́pàá bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì tú u ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní New York, ẹ̀ka ọlọ́pàá kan ń ṣọ́ mọ́sálásí, ilé oúnjẹ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2012, ọ̀gá wọn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lábẹ́ ìbúra pé iṣẹ́ náà kò mú wọn dé ìdí ọ̀ràn apániláyà kan rí. Ní 2014 ni wọ́n tú ẹ̀ka náà ká. Ẹ wò ó bí Ọlọ́hun ti ṣe é: gbogbo ìṣọ́ni yẹn kò rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá kan ní Àbújá sì ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìbá ṣe pé wọ́n fetí sí i dáadáa.

Nítorí náà, ìdáhùn wa fún ìyá wa rèé. Ọkùnrin inú eré yẹn kì í ṣe olófòófó, nítorí ewu náà ti hàn, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó sì fi dí i. Ṣùgbọ́n kíkírun pẹ̀lú ènìyàn láti fi tàn án jẹ, ẹrù tí ó wúwo ni. Ìṣòro ẹ̀mí nìkan ni ó lè mú kí a gbé e. Ẹni tí ó bá gbé e nítorí owó tàbí nítorí ìkórìíra ti ta ìrun rẹ̀. Àwọn tí ó sì fi ẹ̀sùn kan eré náà ní ẹ̀tọ́ láti bínú, nítorí ìtàn amí ni wọ́n sọ, wọn kò sọ ìtàn bàbá. Bẹ́ẹ̀ bàbá ni ó sọ̀rọ̀ ní tòótọ́.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, kí a rántí Hatib ọmọ Abi Balta'a, Sàábè Ànábì wa, tí ó kọ ìwé àṣírí sí àwọn ará Mẹ́kà ní ọdún kẹjọ Híjírà. Ìwé náà bọ́ sí Ànábì lọ́wọ́. Úmárù fẹ́ kí a pa á, ṣùgbọ́n Ànábì kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó sún un dé ibẹ̀. Ó gbọ́ ẹnu rẹ̀, ó rántí iṣẹ́ rere rẹ̀ ní Bádárì, ó sì ṣàforíjì fún un.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá yí ìwà padà, ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé: ẹ pè é, ẹ bi í, kí ẹ tó yọ́ wo fóònù rẹ̀ lóru. Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ má ka iye àlejò tí ó wọ ilé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí iná lórí òrùlé, ẹ má dákẹ́ nítorí pé ilé ọ̀rẹ́ ni. Ìtìjú tí ó wà nínú sísọ kò tó ẹkún tí ó wà nínú dídákẹ́.

Kí Ọlọ́hun bo àṣírí wa, kí Ó má jẹ́ kí a fi ọmọ wa rí ohun tí Alhaji náà rí, kí Ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dákẹ́ àti ìgbà tí ó yẹ kí a sọ. Àmín.