Ilẹ̀ tí ó ń Sinmi

Odú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti inú oko odú ni orúkọ Ìkòròdú ti wá. Lónìí, ẹni tí ó bá gba ìlú náà kọjá sí Ìpakodò létí ọ̀sà, ilé àti èbúté ni yóò máa wò. Ìbéèrè mi ni èyí: ilẹ̀ tí olóko fi sílẹ̀ láìro, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a pè é ní ilẹ̀ òfo?

Àwọn baba wa a ṣán igbó, wọn a dáná sun ún, eérú a sì di ọ̀rá ilẹ̀. Wọn a gbin iṣu. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ a tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, bí ilẹ̀ bá ti ṣá, wọn a ṣí lọ sí ibòmíràn, igbó a sì bo èyí àkọ́kọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbòǹgbò igi a máa fa oúnjẹ wá láti ìsàlẹ̀, ewé a wọ́ dálẹ̀, a sì jẹrà. Iṣẹ́ ni ilẹ̀ náà ń ṣe, bí ojú alákọ̀wé kò tilẹ̀ rí i. Ní 1957, Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé bu ẹnu àtẹ́ lu ọgbọ́n yìí; ní 1960 ni ìwé Nye àti Greenland ṣàlàyé bí ìsinmi náà ti ń dá ọ̀rá ilẹ̀ padà.

Ní 1912, Elésì Odógbólú wí níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé ilẹ̀ kì í ṣe ti alààyè nìkan: òkú ní ìpín níbẹ̀, àwọn tí a kò tí ì bí kò sì lóǹkà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 wá fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tí ó ti ní ilẹ̀ ìgboro tí kò kọ́ nǹkan sí, ààbọ̀ hẹ́kítà péré ni òfin náà gbà kí ó dì mú. Lójú irú òfin bẹ́ẹ̀, ìsinmi àti ìpatì kò yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má parọ́. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ kékeré kan ṣoṣo kù fún lẹ́bàá Ìmọ̀tà tàbí Ẹ̀pẹ́, tí ó ń gbin ẹ̀gẹ́ sí i lọ́dọọdún, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ebi ọmọ tí a ti bí kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹlòmíràn ni mo rò pé ẹ̀sùn tọ́ sí: àwọn mọ̀lẹ́bí tí wọ́n rí igbó tí baba fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè sàn, tí wọ́n ní kò sí ẹni tí ó ń lò ó, tí wọ́n sì tà á fún akọ́lé. Nígbà tí wọ́n bá ń pín owó náà, wọn kì í yọ ìpín ọmọ tí a kò tí ì bí sọ́tọ̀.