Àjẹìwẹ̀yìn àti Ẹ̀kọ́ Inú Sinimá

Àwọn àgbà Yorùbá a máa wí pé, àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òwe yìí kò sọ pé inú yóò run àgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé òrìṣà kan yóò pa á. Ohun tí ó sọ ni pé kò ní í rí ọmọdé tí yóò bá a gbé ẹrù, nítorí kò ṣẹ́ ohunkóhun kù fún ọmọdé. Ìyà tí ń ti inú ara alájẹkì jáde wà lọ́tọ̀; ọ̀ràn tí ó wà láàárín òun àti àwọn tí ó jẹ ìpín wọn wà lọ́tọ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ ronú sí ìyàtọ̀ yìí kí ó tó fi sinimá kọ́ ọmọ ní ìwà.

Ìlú kan wà tí ọ̀rọ̀ fífi àwòrán kọ́ni kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú náà ni Bouaké, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, ní ilẹ̀ àwọn Baoulé. Ibẹ̀ ni ìjọba orílẹ̀-èdè náà fi ṣe ibùdó tẹlifíṣọ̀n ilé-ẹ̀kọ́. Láti ọdún 1971 títí di ọdún 1982, àwọn ètò tí a ṣe ní Bouaké ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń wò káàkiri. Ní abúlé tí iná mànàmáná kò dé, bátìrì ni a fi ń tan ẹ̀rọ náà. Àwọn àgbà pàápàá ní ètò tiwọn, tí a ń pè ní Télé pour tous, èyíinì ni tẹlifíṣọ̀n fún gbogbo ènìyàn. Wọn a péjọ sí ilé-ẹ̀kọ́, wọn a wo ọ̀rọ̀ ìlera, iṣẹ́ oko àti ìgbé-ayé ojoojúmọ́. Èdè Faransé ni ẹ̀rọ ń sọ. Nígbà tí ó bá dákẹ́, olùkọ́ a dìde, a túmọ̀ ohun tí wọ́n rí sí èdè ilé, a sì jẹ́ kí tọmọdé-tàgbà fèsì. Àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé àwòrán nìkan kò lè kọ́ni tó.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ti ìlera àti oko, mélòómélòó ni ní ti wọ̀bìà! Èdè Yorùbá kò fi ẹ̀ṣẹ̀ yìí mọ sí ikùn. Ojúkòkòrò ni a ń pe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀, nítorí ojú ni ó ń kọ́kọ́ jẹun kí ọwọ́ tó nà. Sinimá sì jẹ́ oúnjẹ ojú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi sinimá bá wọ̀bìà wí kò lè ṣàìgbé àwo ẹran, ìgò ọtí àti aṣọ olówó iyebíye síwájú òǹwòran. Bí ó ti ń wí pé, "Má jẹ," bẹ́ẹ̀ ni ó ń bu oúnjẹ fún ojú. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè wo ìtàn alájẹkì tán, kí ó má rántí ìyà rẹ̀, kí ó sì máa dá itọ́ mì nítorí àwo rẹ̀.

Ní ọdún 1973, Marco Ferreri, ará Ítálì, ṣe sinimá kan tí ń jẹ́ La Grande Bouffe. Ọkùnrin mẹ́rin, adájọ́, awakọ̀ òfuurufú, alásè àti òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kó ara wọn jọ sínú ilé ńlá kan ní Paris, wọ́n sì ń jẹun títí wọ́n fi kú. Nígbà tí a fi í hàn ní Cannes lọ́dún náà, ariwo ńlá sọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn náà, a kò fi ẹnì kan hàn tí ebi ń pa nítorí ohun tí àwọn mẹ́rin yìí jẹ. Ikùn ni ó dẹ́ṣẹ̀, ikùn náà ni ó sì jìyà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ti ń pa àlọ́ Ìjàpá fún ọmọdé. Ìjàpá jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo, aya rẹ̀, kí ó lè lóyún. Inú Ìjàpá wú, àwọn ọmọ sì fi ẹ̀rín sí i. Ṣùgbọ́n ta ni ó béèrè Yánníbo? Obìnrin tí ń wá ọmọ ni ó ni oúnjẹ náà. Inú ọkọ wú; ti ìyàwó kò wú. Ẹ̀rín ti bo ẹkún rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Bí a bá kọ́ ọ pé kí ó má jẹ ìpín ẹlòmíràn nítorí pé inú rẹ̀ yóò wú, yóò jáde sí ìgboro, yóò sì rí ẹni tí ó kó owó ìlú jẹ tí inú rẹ̀ kò wú, tí ó dàgbà, tí ó darúgbó, tí a fi ìlù àti ijó sin. Lọ́jọ́ náà ni ẹ̀kọ́ olùkọ́ yóò di irọ́ lójú rẹ̀. Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Tunde Kelani ṣe ní ọdún 1993, ikú bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí ó dìtẹ̀ ta ilẹ̀ ìlú kiri. Ẹ̀rù ba òǹwòran, ó sì tọ́ kí ó bà á. Síbẹ̀, ẹni tí kò bẹ̀rù òrìṣà ńkọ́? Kí ni yóò dá a dúró?

Ousmane Sembène, ọmọ Senegal, gba ọ̀nà mìíràn nínú Xala, tí ó jáde ní ọdún 1975. El Hadji, oníṣòwò ńlá, fẹ́ ìyàwó kẹta pẹ̀lú ariwo. Omi inú ìgò tí a kó ti òkè òkun wá ni a fi ń fọ ọkọ̀ rẹ̀. Lálẹ́ ìgbéyàwó, èpè mú un, kò lè ṣe ojúṣe ọkọ. Nígbà tí ó yá, àṣírí tú pé ìrẹsì tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ aráàlú ni ó tà. Ní ìkẹyìn, àwọn alágbe tí ọlọ́pàá ti kó kúrò ní ìgboro wọ ilé rẹ̀, wọ́n jẹ oúnjẹ rẹ̀, wọ́n sì tutọ́ sí i lára. Afọ́jú kan láàárín wọn ṣàlàyé pé ilẹ̀ àwọn ni El Hadji fi èrú gbà, òun ni ó sì fi èpè náà dè é. Níhìn-ín, ẹni tí a jẹ ìpín rẹ̀ ní ojú, ó ní ohùn, ó sì rántí.

Ẹnì kan lè wí pé ẹ̀san ni èyí, kì í ṣe ìdájọ́ òdodo, àti pé itọ́ kò lè dá ilẹ̀ padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ká ní èpè kan kò mú El Hadji, ká ní ó kú nínú ọlá, ìrẹsì náà kò ní í tìtorí bẹ́ẹ̀ dé inú ìkòkò ẹni tí ó ni ín. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀bìà wà. Kò dúró de ìgbà tí ìyà bá jẹ alájẹkì kí ó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ láti ìgbà tí àwo ẹlòmíràn ti ṣófo.

Ètò tẹlifíṣọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ ti Bouaké parí ní ọdún 1982. Lónìí, ọmọ a máa wo sinimá lórí fóònù ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, òun nìkan, láìsí ẹni tí yóò dìde sọ̀rọ̀ nígbà tí àwòrán bá tán. Iṣẹ́ yìí tún padà sọ́wọ́ olùkọ́. Bí ó bá jẹ́ ìtàn alájẹkì ni ọmọ wò, kí olùkọ́ má ṣe kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí i níkẹyìn?" Kí ó béèrè pé, "Ta ni ó ni oúnjẹ náà? Kí ni olóhun rí jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà?" Ọmọ tí ó bá ti mọ́ lára láti dáhùn ìbéèrè yìí yóò wẹ̀yìn kí ó tó bu òkèlè, yálà ẹnì kan ń ṣọ́ ọ tàbí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá sì dàgbà, kò ní í ṣàìrí ẹni tí yóò bá a ru igbá rẹ̀.