Ẹsẹ̀ Tí Ó Ṣì Lè Gun Òkè

Bíbélì Kíkà: Jóṣúà 14:6-12

Ẹni ọdún 85 ni Kálẹ́bù nígbà tí ó lọ bá Jóṣúà. Kò béèrè ibi tẹ́jú tí arúgbó yóò jókòó sí. Òkè Hébúrónì ni ó ní òun ń fẹ́, níbi tí àwọn òmìrán wà!

Bàbá ọdẹ kan wà ní àdúgbò wa ní Ìgàndò. Igbó tí ó ń dẹ ti di ilé, ṣùgbọ́n Bàbá kò tìtorí èyí jókòó. Ní alaalẹ́ ni ó ń rìn yí àdúgbò ká, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tí ó ń ṣọ́ wa. Èmi tí n kò tíì pé 50, Márúwá ni mò ń wọ̀ dé ibùdókọ̀ tí kò jìnnà. Bàbá ti fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí.

Ṣé ẹ̀ ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn, tí ẹ kì í dìde lórí àga? Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa ṣe eré ìdárayá, irú bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lójúmọ́ lọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ yìí, ẹ wọ bàtà.

Àdúrà: Olúwa, má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kọ̀ kí n tó dé òkè tí O ṣèlérí fún mi, ní orúkọ Jésù. Àmín.