Igbó àti Igbẹ́

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè ohun tí igbó jẹ́, yóò ní ibi tí igi pọ̀ sí ni. Bí a bá tún bi í léèrè ohun tí igbẹ́ jẹ́, ìdáhùn kan náà ni yóò fún wa. Kò jẹ̀bi, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ a máa ń fi ọ̀kan dípò èkejì. Ẹni tí ó ń ṣán igbó àti ẹni tí ó ń ṣán igbẹ́, àdá kan náà ni àwọn méjèèjì mú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èdè wa kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Bí ohun kan bá ní orúkọ méjì, ó yẹ kí a wádìí bóyá ojú méjì ni a fi ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a fi etí sí bí a ti ń lo ọ̀rọ̀ méjèèjì. A ń sọ pé igbó Orò, igbó Agẹmọ, igbó Ọ̀ṣun. Ibi tí a ti ń tẹ ènìyàn ní Ifá ni a ń pè ní igbódù. Èmi kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọ̀kan nínú wọn ní igbẹ́. Nígbà tí ìwé ìtàn D. O. Fágúnwà àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938, Igbó Irúnmalẹ̀ ni ó pe ibi tí ọdẹ rẹ̀ lọ. Nígbà tí èkejì sì jáde ní ọdún 1949, Igbó Olódùmarè ni. Ẹ fi igbẹ́ sí ipò igbó nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, kí ẹ wò ó bí iyì wọn kò ní wọmi. Ṣùgbọ́n ẹran tí ọdẹ pa, ẹran igbẹ́ ni. Ọdẹ tí a kò bá nílé, wọn a ní ó lọ sí igbẹ́.

Lójú tèmi, ìyàtọ̀ náà nìyí: igbó ni ibi tí ó dúró fún ara rẹ̀, igbẹ́ ni ibi kan náà nígbà tí a bá ń ro ohun tí a fẹ́ lọ mú wá láti ibẹ̀. Igbó ní orúkọ, ó sì ní olúwa. Igbẹ́, ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀ nìkan ni ó ní.

Ẹnì kan lè wí pé àgbàlá tí a kò ro, a máa ń sọ pé ó ti di igbó. Iyì wo ni ó wà nínú ìyẹn? Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí gbólóhùn náà ń wí: ọwọ́ ènìyàn ti kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ sì ti padà di ti ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pípọ̀ igi ni ó ń sọ ibì kan di igbó. Oko kòkó a máa ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan, síbẹ̀ oko ni. Igbó Ọmọ, ní ìhà Ìjẹ̀bú, di igbó ìjọba ní ọdún 1925. Nígbà tí a gé apá kan nínú rẹ̀, tí a gbin igi mẹ̀línà sí i ní ìlà-ìlà, igi kò tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n igbó tán. Oko igi ni ó kù.

Ìbéèrè wá kàn wá wàyí: ǹjẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀wọ̀ wa, yàtọ̀ sí àǹfààní tí a ń rí níbẹ̀? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yára dáhùn. Bí gbogbo ilẹ̀ bá jẹ́ igbó Orò, ebi ni yóò pa wá, nítorí pé kò sí iṣu tí ó hù láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣán ilẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ọ̀rọ̀ méjèèjì: wọ́n ní ibi tí wọ́n ń bu jẹ, wọ́n sì ní ibi tí wọn kì í fọwọ́ kàn. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú níní igbẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a sọ ohun gbogbo di igbẹ́.

Wọn a ní ìbẹ̀rù òrìṣà ni ó pa igbó mọ́ láyé àtijọ́, àti pé nígbà tí ìbẹ̀rù ti lọ, kí igbó náà máa lọ. Ẹ wo Òṣogbo. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun ti ń wó, ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan níbẹ̀, wọ́n gé igi, wọ́n gbin òmíràn. Àwọn ènìyàn sì ń ṣọdẹ, wọ́n ń pẹja níbi tí èèwọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Igbó ti fẹ́ di igbẹ́. Àwọn olórìṣà, àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà, àti Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní, ni wọ́n dìde tún àwọn ojúbọ ṣe. Ní ọdún 1965 ìjọba fi òfin dáàbò bo apá kan. Ní ọdún 2005 àjọ UNESCO kọ hẹ́kítà 75 rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń fi igbó náà yangàn lónìí ni kò bọ Ọ̀ṣun rí. Ọ̀wọ̀ lè dúró lẹ́yìn tí ìbẹ̀rù bá ti lọ. Kì í ṣe nítorí pé ìyá wa lè nà wá ni a fi ń kúnlẹ̀ kí i lẹ́yìn tí a ti dàgbà.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò tán. Omi tí ń gba inú igbó náà kọjá, láti òkè odò ni ó ti ń wá, níbi tí àwọn awakùsà ti ń wa wúrà. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, omi Ọ̀ṣun rú, ó pọ́n bí amọ̀. A sọ ìsàlẹ̀ odò di igbó, a fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ fún igbẹ́; ṣùgbọ́n odò kò mọ ààlà tí a pa. Ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún igbó kan ṣoṣo kò tí ì mọ ohun tí igbó jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí a tó gbé àdá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè orúkọ ibi tí a ń lọ. Ọ̀rọ̀ kẹta kan wà tí àwọn àgbà fi ń pe igbó tí àdá kò dé rí: ẹgàn. Ohùn kan péré ni ó yà á kúrò lára ẹ̀gàn. Ẹ má jẹ́ kí ohùn náà ṣì wá lẹ́nu.