Ta Ló Ń Wẹ̀ fún Wọn?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo ní ìbéèrè kan. Ṣé ó tọ́ kéèyàn máa fi ìbànújẹ́ ẹlòmíì ṣe ìran wò? Ẹ má tíì dáhùn o, ẹ jẹ́ n ro ẹjọ́ tèmi ná.

Mo rí àwòrán kan nínú ìwé ewì Dante, akéwì ará Ítálì tó kú ní 1321. Ewì náà sọ̀rọ̀ Ugolino. Ní 1288, wọ́n ti òun, ọmọ rẹ̀ méjì àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì mọ́ inú ilé gogoro kan nílùú Pisa. Nígbà tó di 1289, wọn ò fún wọn lóúnjẹ mọ́, ebi sì pa gbogbo wọn. Gustave Doré, ará Faransé, ló ya ìtàn náà sínú ìwé tó jáde ní 1861. Gaddo na gbalaja síbi ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ran òun lọ́wọ́. Kí ni bàbá fẹ́ ṣe? Nínú ewì náà, kò tilẹ̀ jẹ́ kí omijé bọ́ lójú rẹ̀, kí ọkàn àwọn ọmọ má baà tún bàjẹ́ sí i.

Igi ni wọ́n gbẹ́ àwòrán yẹn sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Orúkọ agbẹ́gi kan, Pisan, wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn (ẹ má fi pe ìlú Pisa o). Gaddo gan-an kì í ṣe ọmọdé, géńdé ni. Dante ló sọ ọ́ di ọmọ kékeré kí àánú lè ṣe wá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àánú ṣe mí. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé àwòrán náà dùn mọ́ mi. Ọmọ ń kú lọ, èmi ń sọ pé "ó mà rẹwà o", mo sì lọ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀.

Mo mú un lọ sílé ní Ṣakí. Fọ́tókọ́pì ọ̀hún dúdú, ojú Gaddo ò hàn mọ́. Màmá Àgbà gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, torí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Mo sọ ìtàn náà fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ta ló wá ń wẹ̀ fún wọn báyìí?"

Ìyá ìbejì ni Màmá. Táíwò kú ní kékeré, wọ́n sì gbẹ́ ère rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Òkè-Ògùn láyé ijọ́un. Ère náà ò sunkún: ó dúró ṣánṣán, ó ní ara àgbà, ojú rẹ̀ tutù. Màmá ti wẹ̀ fún un, wọ́n ti fi osùn pa á lára títí imú àti ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àlejò tó bá wò ó ò ní mọ̀ pé ẹkún ni. Wọn ò kúkú gbẹ́ ẹ fún àlejò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí rèé. Bọ̀dá Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n màmá mi, fẹ́ tà á. Wọ́n ti rí ẹnì kan tó ń kó irú rẹ̀ lọ sókè òkun. Ṣebí ère ìbejì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Bọ̀dá kì í ṣe olójúkòkòrò o. Owó iṣẹ́ abẹ ojú Màmá ni wọ́n ń wá. Wọn ò tíì sọ fún Màmá. Nígbà tí mo ń ráhùn, wọ́n ní, "Èmi tí mo wà láyé ńkọ́? Ṣé èmi náà kì í ṣe ìbejì ni?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Mo kọ́kọ́ wà lẹ́yìn Bọ̀dá. Bí kì í bá ṣe Doré, báwo ni èmi ará Ṣakí ì bá ṣe bá Ugolino kẹ́dùn? Káwọn ará Lọ́ńdọ̀nù náà rí Táíwò wa. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 700 ọdún tí Gaddo ti kú, wíwò wa ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ère Táíwò, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sínú gíláàsì, kí ni Màmá á máa wẹ̀ fún láàárọ̀? Lójú tèmi, ìyẹn ò dáa, kódà bí ojú wọn bá là. Àmọ́ ojú tèmi kọ́ ló ń fọ́.

Bọ̀dá ní kí n fi fóònù mi ya ère náà, kí n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ rà á. Mo yà á. Àwòrán náà dára. N ò tíì fi ránṣẹ́.